Omi Ni Mò Ń Sìn

Iyùn tí mo mọ̀ láti kékeré, inú àpótí aṣọ màmá mi ní Ìbàdàn ló ń gbé. Okùn méjì ni, ó pupa bí epo tuntun, ìyá tó bí màmá ló fi sílẹ̀ fún un. Kì í jáde àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìwúyè, tàbí tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni iyùn, ǹ bá ní òkúta ni, bíi góòlù, bíi fàdákà, ohun tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ pé egungun ẹran omi ni, ẹran tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tó ń bímọ.

Horniman Museum ní Forest Hill, níhà gúúsù London, ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ní 2018, mo mú ọmọbìnrin mi, Mosún, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní yàrá táńkì ẹja níbẹ̀. Mosún ti sáré kọjá lọ, èmi ò lè kúrò níwájú gíláàsì kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ọgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́: èyí tó ní àwọ̀ ewé, èyí tó ní àwọ̀ àlùkò, èyí tí orí rẹ̀ là bí ìka ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, mo rí i pé coral ni. Mo ní, ṣé kì í ṣe iyùn nìyí? Àwọn onímọ̀ ilé yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan láti 2012, Project Coral ni wọ́n pè é. Wọ́n ń ṣe oòrùn, òṣùpá àti ooru òun òtútù inú ọdún sínú táńkì, títí iyùn fi ń bímọ níbẹ̀ bí ẹni pé òkun ló wà. Ilé kan náà yìí ló gbà ní 2022 láti dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 72 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897 padà fún Nàìjíríà. Mo máa ń rò ó títí di òní: ohun ìní ìlú tí ọba rẹ̀ ń fi iyùn bora láti orí dé ẹsẹ̀, àti iyùn ààyè, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

Iyùn pupa tí a ń so mọ́rùn kì í ṣe irú tinú táńkì o. Òkun Mẹditaréníà ni tiwa ti wá, àwọn Potogí wà lára àwọn tó ń gbé e wá sí etíkun wa láyé ijọ́un. Ibi tó ṣókùnkùn lábẹ́ àpáta ló máa ń hù, kò bìkítà fún oòrùn. Àwọn ti omi gbígbóná, ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Nínú ẹran ara wọn, àwọn koríko kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Koríko yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, iyùn ń bá a jẹ nínú rẹ̀, òun náà fún koríko nílé. Bí àárín àwọn méjèèjì bá dàrú, iyùn dé bèbè ikú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, mò ń padà bọ̀ sí i.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù. Ní 2019 mo ra táńkì lítà 180 lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kó kúrò nílé. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà kí òkúta àti yanrìn tó wọ̀ ọ́, omi nìkan ti wúwo ju àgbàlagbà méjì lọ. Ìsàlẹ̀ là ń gbé ní Abbey Wood, kọnkéré la tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ilé onípákó lókè, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ nípa ilé kó tó gbé irú ẹ̀ wọlé. Iyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún un ní kálísíọ́mù, magníṣíọ́mù àti àwọn nǹkan mìíràn tí òkun ní, a ó máa pò ó títí iyọ̀ inú omi yóò fi tó gíráàmù 35 nínú kílò omi kan.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni mà á kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ Sátidé ni mo da omi sí táńkì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ra ẹja mẹ́rin. Ẹni tó tà á fún mi fi ìgò omi kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kòkòrò tó ń fọ omi mọ́ ló wà nínú rẹ̀, pé tí n bá ti dà á sí i, kò séwu. Mo gbà á gbọ́ torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ. Ní alẹ́ Sunday, méjì nínú wọn ti wà lókè omi, wọ́n ń ya ẹnu, ìyẹ́ etí wọn ń lù kìkìkì. Mosún dúró tì mí nínú aṣọ ìsùn rẹ̀, ó ní, "Dádì, kí ló ń ṣe wọ́n?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò ku ẹyọ kan.

Amóníà ló pa wọ́n. Ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ohunkóhun tó bá jẹrà nínú omi, amóníà ló ń dà. Nínú òkun, omi pọ̀, kòkòrò àìfojúrí sì pọ̀ lára òkúta tó ń jẹ ẹ́. Nínú táńkì tuntun, kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i, kí wọ́n sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà léwu. Àwọn mìíràn á wá pọ̀ sí i lẹ́yìn wọn, wọ́n á sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Iṣẹ́ yìí máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Owó kò lè mú un yá tó bí a ṣe ń fẹ́. Mo ju edé tútù kan sínú táńkì tó ṣófo, mo fi sílẹ̀ kó jẹrà, mo sì ń wọn omi lọ́jọ́ méjìméjì, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé. Amóníà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Náítíráìtì gòkè, ó pẹ́ lókè bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, ó wá wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń wo táńkì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ àfi òkúta. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, àmọ́ iwájú táńkì yẹn ló ti yé mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹja kọ́ ni mò ń sìn. Omi ni. Bí omi bá dára, ẹja á tọ́jú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, clownfish méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n bí sínú táńkì, tí wọn kò kó láti inú òkun. Akọ ni gbogbo irú ẹja yìí nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà. Tí méjì bá wà pọ̀, èyí tó tóbi jù á di abo. Ojú mi ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan, ó sì yà mí lẹ́nu débi pé mo ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní gáréèjì.

Omi ẹ̀rọ náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ́ lójú, à ń mu ún, mo fi po iyọ̀. Ẹni tó bá ń gbé London, kó wo ìdí kẹ́tù rẹ̀: ohun funfun tó dì mọ́ ọn, ẹfun ni, torí ilẹ̀ ẹlẹ́fun ni púpọ̀ nínú omi wa ti ń wá. Ẹfun kọ́ ló dà mí láàmú. Náítíréètì àti fọ́sféètì ni, tí kò ṣe ènìyàn ní nǹkan, àmọ́ tó jẹ́ ajílẹ̀ fún koríko omi. Láàárín oṣù méjì, nǹkan bí irun aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo òkúta mi. Mò ń fọwọ́ tu ú bí ẹni ń tu koríko lóko, ọjọ́ kẹta á tún ti hù. Mo ra ẹ̀rọ RO, èyí tó ń ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́ kan, tó sì ní resin nídìí tó ń gbá ìyókù. Mítà kékeré kan wà tó ń ka ohun tó yọ́ sínú omi: omi ẹ̀rọ ilé wa lé ní 300, èyí tó gba inú RO jáde jẹ́ òdo. Omi tó ń dà nù lára ẹ̀rọ náà pọ̀, lítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyọ kan tó dára tó jáde. Ìyàwó mi kò jẹ́ kó ṣòfò, òun ló fi ń fọ aṣọ. Mo wá ra ìgbín òkun mẹ́wàá sí i, wọ́n ń rìn lórí gíláàsì tọ̀sán tòru, wọ́n ń jẹ koríko náà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó rọrùn jù láti lóye ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Omi máa ń gbẹ nínú táńkì, tèmi ń dín ní bíi lítà méjì lójoojúmọ́. Èmi sì ń fi omi oníyọ̀ dí i, torí mo rò pé omi oníyọ̀ ló dín. Iyùn mi ń súnkì, n kò mọ̀dí. Mo ń wọn amóníà, mò ń wọn gbogbo nǹkan. Ọjọ́ tí mo ra refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, tí mo fi ẹ̀kán omi kan sí i, tí mo gbé e sójú fèrèsé, iyọ̀ ti di 41. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ tó bá wà lórí iná tó ń gbẹ, omi ló ń bá ooru lọ, iyọ̀ kì í kúrò nínú ìkòkò. Kò sí ìyá tó máa bu omi iyọ̀ sí i. Omi lásán ni wọ́n máa ń bù lé e. Láti ọjọ́ yẹn omi RO lásán ni mo fi ń dí ohun tó bá gbẹ, n kò sì dá iyọ̀ náà padà sí 35 lọ́jọ́ kan. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ, torí ohun abẹ̀mí tí ara rẹ̀ ti mọ́ ibi kan, bí a bá já a gbà lójijì, ìyẹn gan-an lè pa á.

Oògùn náà wà lára ohun tó yẹ kí n sọ, àmọ́ n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹja tuntun kan gbé àrùn wọlé, ara rẹ̀ funfun tóótòòtóó bí ẹni wọ́n gàrí sí i. Oògùn tí mo rà ní bàbà nínú. Bàbà ń wo ẹja sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ìgbín, edé àti iyùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìgbín mi ti já bọ́ sórí yanrìn, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Nísinsìnyí mo ní táńkì kékeré kan lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ẹja tuntun ti ń gbé fún oṣù kan ó kéré tán, ibẹ̀ náà ni mo ti ń lo oògùn.

Òru tí n kò lè gbàgbé, oṣù kejì ọdún 2021 ni. Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago méjì òru. Òtútù ń mú níta, mo ṣílẹ̀kùn, ooru pálọ̀ kọ lù mí lójú. Mo rò pé ìyàwó mi ló gbàgbé ẹ̀rọ amúlégbóná. Mo wo tẹmómítà ara gíláàsì: 31.4. Ó yẹ kó jẹ́ 25. Hítà inú táńkì ló kọ̀ láti kú. Ohun tó yẹ kó pa á nígbà tí omi bá móoru tó ti lẹ̀ pọ̀ nínú. Mo fà á yọ lára iná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Yìnyín wà nínú fíríìjì, ó ṣe mí bíi kí n dà á sí i, mo wá rántí ọ̀rọ̀ iyọ̀, mo ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ló gbóná, díẹ̀díẹ̀ ni kó tutù. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kó máa fẹ́ sójú omi, mo jókòó sórí àga nínú kóòtù iṣẹ́ mi. Aago márùn-ún kọjá, ó ti dé 28. Ìyàwó mi jáde, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó lọ gbé tíì wá.

Iyùn kan wà tí mo ti tọ́jú láti ìgbà tó tó àtàǹpàkò, ó ti là bí ẹ̀ka igi, àwọ̀ rẹ̀ bí òdòdó. Ní ọjọ́ kejì, àwọ̀ náà ti ń ṣí. Ní ọjọ́ kẹta, ó funfun báláú. Bí omi bá gbóná jù, iyùn máa ń lé àwọn koríko tó ń gbé inú ara rẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ á wá dà bíi gíláàsì, egungun á sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì kú nígbà yẹn. Ebi ló ń pa á. Mo dín iná kù, mò ń fún un lóúnjẹ lóru, mò ń dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára egungun náà, mo sì mọ̀ pé ó ti tán. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé iyùn ń funfun káàkiri òkun àgbáyé, pé ìgbà kẹrin nìyí tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù mi, mo dúró sí ibùdókọ̀ ìparí. Mo rí òru yẹn. Ti èmi, mo lè fa hítà yọ.

Hítà kékeré méjì ni mò ń lò báyìí dípò ńlá kan, ẹ̀rọ mìíràn lọ́tọ̀ ló ń ṣọ́ wọn, tó máa já iná wọn bí omi bá kọjá 26.5. Tí ọ̀kan bá ya wèrè, kò lágbára tó láti se táńkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Iyùn kékeré aláwọ̀ mèremère kan wà tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, zoanthid ni wọ́n ń pè é, torí kì í tètè kú. Àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀, pàápàá Palythoa, ní májèlé palytoxin, ọ̀kan lára àwọn májèlé tó le jù láyé. Ní 2018, ìdílé kan ní Oxfordshire dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ iyùn táńkì wọn, èéfín májèlé náà ló bá wọn nínú ilé. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sórí òkúta tó ní in, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín, ẹ má sì fọwọ́ bọ táńkì tí egbò bá wà lọ́wọ́ yín. Mosún mọ òfin náà: kò sí ọwọ́ ọmọdé nínú omi yìí.

Màmá wá bá wa wẹ ọmọ ní 2022, nígbà tí àbúrò Mosún dé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n so iyùn wọn mọ́rùn. Àwọn àlejò lọ tán, ọmọ sùn, mo ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan." Iná táńkì ti kú. Mo fi tọ́ọ̀ṣì tí mo fi bébà pupa bò lé wọn lọ́wọ́, kó má bàa dẹ́rù ba àwọn tinú omi. Iyùn kan wà lórí yanrìn, brain coral ni wọ́n ń pè é, lọ́sàn-án ó máa ń wú bí ìrọ̀rí. Lóru, ọwọ́ kéékèèké tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ yí ẹnu rẹ̀ ká, ó mọ́ gaara bí omi. Mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ègé edé tí kò ju èékánná lọ kàn án. Ọwọ́ kan dì í mú. Òmíràn dì í mú. Gbogbo rẹ̀ ń ká mọ́ edé náà díẹ̀díẹ̀, ẹnu tí a ò rí tẹ́lẹ̀ là láàárín, edé wọlé.

"Háà! Àkànní, ó gbé e mì!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Edé náà á máa dà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Wọ́n bi mí bóyá irú rẹ̀ wà ní òkun Èkó. Mo ní rárá, pé odò ń gbé ẹrẹ̀ wá síbẹ̀, omi kì í mọ́ gaara tó bí èyí ṣe fẹ́ ẹ. Wọn ò sọ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ọwọ́ wọn kejì gòkè lọ sí ọrùn, wọ́n di iyùn kan mú láàárín ìka méjì.

"Èyí tí màmá mi fún mi yìí, òun náà ti jẹun báyìí rí?"

"Ó jẹun bẹ́ẹ̀, mà. Níbi tó ṣókùnkùn ju èyí lọ."

Ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, àwọn ló ń fún un lóúnjẹ. Mo kọ́ wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, torí oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, amóníà ni. Wọ́n ti padà sí Ìbàdàn báyìí, wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á bi mí nípa àwọn ọmọ, wọ́n á bi mí nípa iṣẹ́, wọ́n á wá ní, "Ti orí yanrìn ńkọ́?"

Ọ̀la ni mo máa pààrọ̀ omi, ìdá 10 nínú 100, bí mo ṣe ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, pọ́ǹpù kékeré kan ń yí i, iyọ̀ kò tíì yọ́ tán, omi náà ṣì funfun díẹ̀. Tí mo bá jí, mà á wọ̀n ọ́n.